Ejò tí mo bá nídìí ewédú mi

Sátidé tó kọjá ni mo jáde sẹ́yìnkùlé wa ní Kubwa níbí, l'Ábújà, mo fẹ́ já ewédú, òjò ti rọ̀ mọ́jú, bí mo ṣe gbé búlọ́ọ̀kù kan tó wà létí ebè kúrò báyìí ni mo rí nǹkan tó ká jọ síbẹ̀. Ejò! Kò tóbi o, kò nípọn ju ìka kékeré mi lọ, ṣùgbọ́n igbe ni mo fi bọnu. Kí n tó wo ẹ̀yìn, mẹ́gáàdì wa ti gbé igi dé, ó ń pariwo "maciji, maciji", ìyẹn ejò lédè Haúsá, Mọ́mì tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń ké láti kíṣìnì pé "Pa á! Ejò kì í kéré!"

Mo ní "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Torí lọ́dún tó kọjá, irú ẹ̀ gan-an la pa, ẹ̀yìn tá a pa á tán ni mo tó mọ ohun tó jẹ́, ó ṣì ń dùn mí dòní. Mo dúró lókèèrè, mo yà á ní fọ́tò, mo fẹ fọ́tò náà. Ara ẹ̀ ń dán, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi kọfí, ìlà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ gba imú kọjá lójú lọ sẹ́yìn orí, lọ́tùn-ún lósì. House snake ni. Kò lóró rárá. Òru ló ń jáde, aláǹgbá àti eku ló ń jẹ, á wé mọ́ wọn títí wọ́n á fi kú. Eku tó ń ba àgbàdo mi jẹ́ látọjọ́ yìí!

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ejò o, ẹ jọ̀ọ́. Carpet viper, ejò olóró kan, náà kéré, òun ló sì ń ṣe àwọn àgbẹ̀ ní ṣùtà jù lápá àríwá níbí, ilé ìwòsàn kan wà ní Kaltungo, ní Gombe, tó jẹ́ pé àwọn tí ejò bù ṣán ni wọ́n dìídì ń tọ́jú. Ìyẹn ki pọ́pọ́, ara ẹ̀ rí ṣákaṣàka, tínú bá ń bí i á máa fi ara ha ara, á máa dún bí òróró tó gbóná. Tó bá bu èèyàn ṣán, ẹ má dè é, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá.

Tèmi yìí, a kàn sún sẹ́yìn fún un ni, ó rọra wọ́ gba abẹ́ fẹ́ǹsì lọ sínú koríko. Mọ́mì ò gbà kí n já ewédú ọ̀hún lọ́jọ́ náà ṣá, ilá la fi jẹ àmàlà.