Ansible wọlé lálẹ́ àná
Lálẹ́ àná, nínú yàrá mi ní Òkè-Ìlẹ̀wó ní Abẹ́òkúta, mo jókòó láti fi Ansible, irinṣẹ́ tí ń fi àṣẹ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, sórí kọ̀ǹpútà mi tí ó ń lo ètò Ubuntu 24.04, nítorí ó ti sú mi láti máa tẹ àṣẹ kan náà fún sáfà mẹ́ta (kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) lọ́kọ̀ọ̀kan. Pip, irinṣẹ́ tí ń gba ètò Python wọlé, kọ̀ jálẹ̀: ó ní ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàkóso Python, èdè tí a fi kọ Ansible, bí ìyá ọlọ́jà tí kò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àpò owó. Mo fi apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fúnra rẹ̀ fi ń gba ètò, gba python3-venv, mo sì fi í dá àyè ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún Ansible. Ìgbà náà ni Ansible wọlé, tí Jinja2, PyYAML àti cryptography, àwọn ètò tí ó nílò, sì tẹ̀lé e. Nígbà tí sáfà àkọ́kọ́ dáhùn "pong", èyí tó fi hàn pé Ansible ti kàn án lára, mo pariwo débi pé ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè ta ló bímọ.