Ọdún Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ Láti Abẹ́: Àyẹ̀wò Ọdún Lórí Píkọ́ọ̀pù 1986 Mi

Títí di òní tí mo ń kọ àyẹ̀wò yìí, ọ̀dà tuntun kò tíì kan ara píkọ́ọ̀pù tí mo ń tún ṣe nílé. Ní oṣù Kìíní, mo kọ ohun mẹ́rin sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà: kí ẹ́ńjìnnì dìde, kí ìpẹtà tán lára ọkọ̀, kí n kùn ún, kí n sì wà á jáde sí títì kí ọdún tó parí. Bí a bá fi ojú ewé yẹn wọn ọdún mi, a ó sọ pé mo kùnà, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni mo parí pátápátá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Ètò tí mo kọ ní oṣù Kìíní ni kò tọ́, ọjọ́ tí mo sì yí i padà ni iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1986 ni a ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí ó jẹ́ lítà 2.4 ni ó wà nínú rẹ̀, kábúrétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni ó sì fi ń fa epo. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi dúró sójú kan kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìdúró yẹn gan-an ni ó sì bà á jẹ́ jù, kì í ṣe ìrìn. Bẹntiróòlù inú táǹkì ti di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi, gbogbo rọ́bà ti gan, ọ́ìlì bíréèkì ti dúdú bí èédú, àwọn èkúté sì ti kọ́ ilé sínú àpótí fílítà afẹ́fẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ìró ẹ́ńjìnnì ni etí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ àtijọ́ máa ń fẹ́ gbọ́. Mi ò kánjú tan án. Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà yí i pẹ̀lú ọwọ́ láti mọ̀ bóyá pístìnnì kankan ti há. Mo tú kábúrétọ̀ palẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́, mo sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ àwọn ihò tín-ín-rín inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi wáyà gún àwọn ihò wọ̀nyẹn, nítorí bí ihò náà bá fẹ̀ díẹ̀ péré sí i, ọkọ̀ náà yóò máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ihò náà di kékeré mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, ó dìde, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà tí ó gbóná tán, mo wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan: 150, 148 àti 152 psi (ìwọ̀n ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́) ni mẹ́ta àkọ́kọ́, 95 péré sì ni ẹ̀kẹrin. Mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ẹ̀kẹrin yẹn, mo tún wọ̀n ọ́n, kò ju 98 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ríìngì pístìnnì ni ó jẹ, ọ́ìlì náà ì bá ti dí àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá, iye náà ì bá sì ti gòkè dáadáa. Nítorí náà mo mọ̀ pé fáàfù, ìyẹn ìdérí tí ń ṣí tí ó sì ń pa ihò sílíńdà dé, ni. Bí mo ṣe ṣí ìdérí òkè, mo rí i pé fáàfù èéfín sílíńdà náà kò ní àyè kankan láàárín òun àti apá tí ń tẹ̀ ẹ́, kò sì lè pa dé. Mo ṣètò àyè náà sí 0.30 mm fún àwọn fáàfù èéfín àti 0.20 mm fún ti afẹ́fẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà ọkọ̀ náà ti wí. Ẹ̀kẹrin gòkè sí 141, gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀. Inú mi dùn gidigidi, ayọ̀ yẹn ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo ki gíyà sí ẹ̀yìn kí n lè rọra sún ọkọ̀ náà kúrò níbi ògiri. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ tààrà dé ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ń lọ. Mo fa bíréèkì ọwọ́, òun náà kò mú. Mo pa ẹ́ńjìnnì láìyọ gíyà, ìgbà yẹn ni ó tó dúró, kò sì ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí ibi tí ọmọbìnrin mi dúró sí tí ó ń júwe ọ̀nà fún mi. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ìlà gba àárín ètò oṣù Kìíní kọjá, mo sì kọ èyí sí abẹ́ rẹ̀: kí ó kọ́kọ́ lè dúró, kí egungun rẹ̀ le, kí ó tó rìn, kí ó tó rẹwà. Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń wọn ọdún mi báyìí.

Iṣẹ́ bíréèkì gba oṣù Kẹrin àti ìdajì oṣù Karùn-ún. Ọ́ìlì bíréèkì onípò DOT 3 tí ọkọ̀ yìí ń lò máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tí ó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205°C, ṣùgbọ́n nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C péré ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó bá hó a di oru, oru sì ṣe é fún pọ̀, ẹsẹ̀ ẹni á kàn máa wọlẹ̀ láìsí ohun tí ó ń di táyà mú. Tèmi kò tilẹ̀ dé ibi híhó: omi yẹn ti jẹ irin inú máásítà bíréèkì, èyí tí ń ti ọ́ìlì lọ sí ìdí táyà nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ní kòtò kòtò, àwọn kòtò náà sì ti ya rọ́bà tí ń ti ọ́ìlì lọ síwájú. Àwọn páìpù irin tí ń gbé ọ́ìlì lọ sẹ́yìn ti rù débi pé ọ̀kan ṣẹ́ bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn sí páìpù àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, tí kì í dógùn-ún bí irin. Bàbà lásán kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n ọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń sán.

Eruku inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ni mo bẹ̀rù jù. Asbestos, okùn òkúta tí iná kì í jó, wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ìgbà náà, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà mi ò fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ rárá. Mo bo imú àti ẹnu mi dáadáa, mo fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, mo fi aṣọ nù ún, mo sì di aṣọ náà sínú ọ̀rá kí n tó kó o nù. Nígbà tí ó tó àkókò láti lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, a bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà tí ó jìnnà jù sí máásítà, ọmọbìnrin mi ni ó sì jókòó sí ìdí bíréèkì. “Mo ti tẹ̀ ẹ́, Bàbá mi, ẹ tú u,” ni ó ń wí, èmi náà á sì dáhùn pé, “Má ì gbẹ́sẹ̀ o.” A ṣe é títí ọ́ìlì fi ń jáde láìsí ìfóófòó kankan. Nígbà tí ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun kò wọlẹ̀ mọ́, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Ṣásí, èyí tí í ṣe egungun ọkọ̀, ni ó gba ọdún mi. Bọ́òtù mẹ́jọ ni ó de àpótí ẹ̀yìn mọ́ ṣásí; méjì tú, mo sì gé mẹ́fà yòókù. Bí a ṣe gbé àpótí náà kúrò ni mo tó rí ohun tí ọ̀dà dúdú tí ẹnìkan ti fi bo abẹ́ ọkọ̀ náà ń pamọ́. Mo mú òòlù kékeré, mo ń lù ú láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Irin tí ó yè máa ń dún bí agogo, èyí tí ó ti jẹra sì máa ń dún bí pátákó. Ní ibi tí ṣásí ti tẹ̀ kọjá lórí ásù ẹ̀yìn, irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ìró náà yí padà ní apá méjèèjì, nígbà tí mo sì fi súkúrúdíráfà tì í, ó wọlé.

Mo lo ọjọ́ púpọ̀ láti wá ohun tí ó fa á, nítorí bí a bá lẹ irin tuntun mọ́ ọn láìmọ ìdí rẹ̀, a ó tún padà síbẹ̀ ni. Inú ṣásí náà ṣófo, ihò kéékèèké sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Ẹrẹ̀ ti dí ihò mẹ́rin ní ibi tí ó tẹ̀ yẹn, omi dúró sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ìpẹtà máa ń fẹ̀ ju irin tí ó ti wá lọ ní ìlọ́po méjì ó lé, nítorí náà bí ó ṣe ń pọ̀ sí i láàárín irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń là wọ́n sọ́tọ̀ láti inú. Gbogbo ìparun yẹn wá láti inú ihò mẹ́rin tí ìka kan lè dí. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹni tí ó bá fi wáyà tú ihò wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ì bá ti gbà ọkọ̀ náà là.

Mo lè fi iná jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ka ara mi sí ẹni tí ó yẹ kí ó jó ṣásí. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ wẹ́dà. Ó wò ó tán, ó ní, “Àbúrò, má fi irin lé orí ìpẹtà. Gé e títí wàá fi bá irin tó yè.” Mo gé e, ihò náà sì tóbi ju bí mo ṣe rò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Irin tí ó nípọn bákan náà pẹ̀lú ti ṣásí ni ẹ̀gbọ́n lò, ó sì gé etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ dípò kí ó gé e ní tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ojú ìjó tí ó bá dábùú ṣásí lójú kan ṣoṣo ni ṣásí yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. A tú wáyà bátìrì àti ti ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná, kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì ti gbé táǹkì epo jìnnà réré, nítorí táǹkì tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ: oru epo inú rẹ̀ ni ó ń bú gbàù. Lẹ́yìn náà ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ìyókù, mo fi ásíìdì fọ́sfọ́ríkì pa á títí ìpẹtà tí ó kù fi dúdú, mo kùn ún, mo sì fọ́n ìda olómi sínú ihò ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni a tó parí rẹ̀. Ìwé mi sọ pé wákàtí 138 ni mo lò lórí ṣásí nìkan nínú 312 tí mo lò ní gbogbo ọdún. Bíréèkì gba 61, ẹ́ńjìnnì gba 74.

Iṣẹ́ wáyà kò gba àkókò púpọ̀. Sítátà ń yí lọ́ra, mo sì ti fẹ́ ra òmíràn, kí n tó wọn iná láàárín ẹsẹ̀ òdì bátìrì àti ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí sítátà ń yí. Fóòltì 1.1 (ìwọ̀n agbára iná) ń sọnù síbẹ̀. Mo fọ ojú wáyà náà àti ibi tí ó so mọ́, ó di 0.1, sítátà àtijọ́ sì ń yí bí tuntun.

Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí mo ti ra sáńpépà fún iṣẹ́ ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣakaṣaka fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá tan án. Ì bá rọrùn láti gbójú fò ó, nítorí ìró náà máa ń lọ bí ọ́ìlì bá ti gòkè. Mo ṣí iwájú rẹ̀. Ike tí ń darí ṣéènì táìmíǹgì, ṣéènì tí ń mú kí fáàfù máa ṣí ní àsìkò, ti ṣẹ́, àjákù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ́ìlì, ṣéènì náà sì ti ń rẹ́ ara ìdérí tí ó bò ó. Bí mo bá fi sílẹ̀, yóò rẹ́ ẹ dé ọ̀nà omi, omi yóò sì dà sínú ọ́ìlì. Mo pààrọ̀ ṣéènì, eyín rẹ̀, àwọn atọ́nà méjèèjì àti ohun tí ń fà á le. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó dùn mí jù lọ́dún yìí: mo fi agbára apá nìkan de bọ́òtù kan mọ́ ara alumíníọ̀mù, mo sì ba eyín inú ihò tí bọ́òtù náà ń wọ̀ jẹ́. Mo ní láti gbẹ́ ẹ, kí n sì fi ojú irin tuntun sí i. Láti ọjọ́ náà, mi ò de bọ́òtù kankan mọ́ ara alumíníọ̀mù láìlo sípánà tí ń wọn agbára.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí kò sí èrò, mo gbé e dé ìwọ̀n 30 kìlómítà ní wákàtí kan, mo sì tẹ bíréèkì. Ó dúró lójú kan láìfà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn táyà lẹ́yìn náà, mo rí ọ̀rinrin díẹ̀ lára sílíńdà bíréèkì ti ẹ̀yìn òsì, nítorí náà ìyẹn ni n ó kọ́kọ́ ṣí ní oṣù Kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó yọ gíláàsì iwájú, torí pé ọ̀dà ti wú díẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, mo sì fẹ́ rí irin tí ó wà níbẹ̀ kí n tó ṣí agolo ọ̀dà kankan.