Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ní kò ṣe nǹkan kan

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lára mi, mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wáyà ilé àwọn bàbá wa ṣe rí, pupa àti dúdú, kò sí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀), fíúsì tí wọ́n ti fi wáyà nínípọn dí.

Ilé màmá ìyàwó mi n'Íkẹ́rẹ́ ni. Màmá ní kí n wá bá àwọn yẹ gbogbo iná ilé wò. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wáyà l'Ádó o, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Suwíìṣì pálọ̀ tó là ni mo ń pariwo lé lórí, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo yọ fíúsì dànù mo fi bíréékà tuntun sí i, èyí tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná tí à ń fà bá pọ̀ jù, inú mi dùn. Màmá wá ní, "Bàbá Dámi, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn firísà yẹn máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ o." Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ mà, tó bá fẹ́ di nǹkan kan, bíréékà á já. Mi ò tiẹ̀ fa firísà yẹn kúrò lára ògiri.

Aago méjì òru Ọjọ́bọ̀ ni fóònù dún. "Ulé ń jó o!" Mi ò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà dé Ìkẹ́rẹ́. Mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò, ìró nìkan ló wà lára wọn, wọn ò wọ bàtà, wọ́n di kọ́kọ́rọ́ ilé mú pinpin. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ aládùúgbò kan rántí pa iná ní mítà kí wọ́n tó da omi. Ògiri dúdú dé àjà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ mọ́ pílọ́ọ̀gì. Mo wo bọ́ọ̀dì, bíréékà mi ò já. Ó dúró síbẹ̀ gan-an bí mo ṣe fi sílẹ̀. Màmá ò bá mi wí, wọ́n kàn ń wò mí.

A ti fa wáyà tuntun, a kun yàrá, wọ́n ti wọlé padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: bíréékà ò lè rí sìkúrù tó tú nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó di wáyà mú. Kẹ́tùrù 2000 watt ò fa ju bí 9 amps lọ, bíréékà 20 amps ò ní rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí wáyà ò ti dì dáadáa ni ooru ń kó jọ sí, wáyà á dúdú, á tún gbóná sí i, ọdún lórí ọdún. Tí iná ò bá kún, mọ́tò firísà á tún fà ju bó ṣe yẹ. Fíúsì náà ò lè rí i o.

Suwíìṣì tó là burú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí kò ní ẹ́ẹ̀tì burú jù ú lọ. Wáyà tí rọ́bà ẹ̀ ń rún bí gààrí, ẹ fa tuntun. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́, tí àwọ̀ ojú ẹ̀ ti yí padà, tó ń rùn bí ọ̀rá tó jó, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pa á. Láti yẹ àwọn yòókù wò, ẹ lo nǹkan tó ń fa iná lára ẹ̀ bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú ẹ̀. Oníwáyà, pa iná ní mítà, fi tẹ́sítà wò ó, ṣí i, fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Fa firísà kúrò!

Lọ́la mò ń lọ Ìkọ̀lé, sí ilé oníbàárà kan tí mo yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó sọ nǹkan fún mi nípa sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ẹ̀.