Ẹ̀kán ìrì, lẹ́ńsì kékeré tó wà lára ewé

Alẹ́ ni iṣẹ́ fótò ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ewé àti koríko á tú ooru ara wọn sójú ọ̀run, wọ́n á tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sára wọn. Ìkùukùu kì í jẹ́ kí ooru náà ráyè lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kì í jẹ́ kí ewé tutù tó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìràwọ̀ kedere kí ẹ tó sùn, tí ewé igi kò sì mì, ẹ to irinṣẹ́ yín sílẹ̀. Pápá gbalasa tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ lọ. Abẹ́ igi kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìrì.

Kì í ṣe gbogbo omi tó wà lára ewé láàárọ̀ ni ìrì. Èyí tó wẹ́, tó bo irun wẹ́wẹ́ ara òdòdó, ìrì ni. Àwọn ẹ̀kán ńláńlá tó tò sí etí àti ṣóńṣó ewé sábà máa ń jẹ́ omi tí gbòǹgbò fà látinú ilẹ̀, tí ewéko fúnra rẹ̀ tì jáde lóru. Méjèèjì ló dára, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kán ńlá yìí ló ṣeé lò jù fún fótò tí mo fẹ́ràn jù lọ: òdòdó tó ń hàn nínú ẹ̀kán omi.

Ẹ̀kán omi ń ṣiṣẹ́ bíi lẹ́ńsì. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á hàn nínú rẹ̀, ní kékeré, á sì dorí kodò. Ẹ wá koríko tí ẹ̀kán kan rọ̀ mọ́, tí òdòdó igbó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Fókọ́ọ̀sì ló máa ń ba fótò yìí jẹ́. Àwòrán òdòdó yẹn kò sí lójú kan náà pẹ̀lú etí ẹ̀kán. Ó yọ síwájú, sápá ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Bí ẹ̀kán bá fẹ̀ tó mìlímítà 3, àlàfo àárín àwòrán àti etí ẹ̀kán náà á tó nǹkan bíi mìlímítà 3. Fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbá etí ẹ̀kán mú, òdòdó inú rẹ̀ á wá rí bàìbàì. Ẹ pa á, kí ẹ fi ọwọ́ yí i.

Ẹ má sì súnmọ́ débi tí lẹ́ńsì macro (èyí tó ń ya ohun kékeré látòsí) bá lè dé. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù àtijọ́), ní ìwọ̀n 1:1 (tí àwòrán tó bọ́ sójú yẹn tóbi bí ohun náà gan-an) àti f/11 (nọ́ńbà f ni fífẹ̀ ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe ga tó ni ihò ṣe ń kéré), ohun tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1.3 lọ. Ẹ fà sẹ́yìn dé 1:2, níbi tí àwòrán ti jẹ́ ìdajì ohun náà: f/11 yẹn kan náà á fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 4, ó sì gba ẹ̀kán àti òdòdó inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ gé etí fótò náà tí ẹ bá délé. F/22 kò ní tún un ṣe, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́nká bó bá ń gba ihò tóóró kọjá, gbogbo fótò á sì pàdánù mímọ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìrì wẹ́wẹ́ tó ń dán ni ẹ fẹ́, òdìkejì ni. Ẹ kọjú sí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú lẹ́ńsì, ẹ sì ṣí i sí f/4 kí ìrì tó wà lọ́hùn-ún di òbìrí ìmọ́lẹ̀. Ní f/11, wọ́n á yọ igun. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -0.7 tàbí -1 níbi tí kámẹ́rà ti ń jẹ́ kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún fótò tàbí dín in kù (exposure compensation), kí ẹ̀kán má baà funfun pátápátá. Ẹ fi white balance (ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe nínú fótò) sí ti oòrùn, nítorí èyí tí kámẹ́rà ń yàn fúnra rẹ̀ lè fọ àwọ̀ wúrà òwúrọ̀ dànù.

ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) 400 sí 800, ìyára 1/125 ìṣẹ́jú àáyá tí ohun gbogbo bá dúró, 1/250 sókè tí koríko bá ń mì. Ẹ fa ẹsẹ̀ tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé) síta kí ẹ tó dé ibi òdòdó, torí ẹsẹ̀ kan tó bá kan koríko ìtòsí ti tó láti gbọn ẹ̀kán dànù. Ẹ fi aago ìṣẹ́jú àáyá 2 inú kámẹ́rà ya fótò náà, kí ọwọ́ yín má baà gbọ̀n ọ́n. Bí kámẹ́rà bá ti inú yàrá tutù bọ́ síta, omi lè sẹ̀ sójú lẹ́ńsì; ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì tí a pa dé níta fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má nù ún léraléra.

Mi ò fara mọ́ fífọ́n omi sára òdòdó. Omi tí a fọ́n máa ń pàpọ̀, á sì ṣàn. Kì í jókòó sórí irun kọ̀ọ̀kan bí ìrì.

Lórí fóònù, ẹ tẹ ẹ̀kán mọ́lẹ̀ títí fókọ́ọ̀sì á fi tì, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ kó má gbọ̀n.

Bí oòrùn bá ti ń ga, orí koríko ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ bọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn àpáta tàbí igbó ṣúúrú, níbi tí òjìji ṣì wà. Ìrì ibẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù.