Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kíkọ ìtàn àánú sí oko màlúù Texas nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ irú ìtàn ìgbàgbọ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú àká ilé náà wò kí àlejò tó kanlẹ̀kùn. Àánú tí kò dín nǹkan onílé kù kì í wọ òǹkàwé lára.

Iyọ̀ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 1861 ni Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ogun dí èbúté Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, Texas pẹ̀lú. Iyọ̀ di ọ̀wọ́n, kọfí di àwátì. Màlúù pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìsí iyọ̀ ẹran á bàjẹ́ nínú ooru, àfi kí wọ́n là á tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n sá a sóòrùn. Àwọn mìíràn yan kóró ilá, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì sè é mu bíi kọfí. Tí obìnrin inú ìtàn yín bá wá bu kọfí gidi fún ọmọ ogun ọ̀tá tó gbọgbẹ́, ẹ jẹ́ ká rí ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ má sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn bó ṣe ń fọ egbò. 1867 ni Lister, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Bìrìtéènì, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìyẹn jáde.

Òfin ló kàn. Láti oṣù Kẹrin 1862 ni Gúúsù ti ń fi tipá kó ọkùnrin aláwọ̀ funfun ọmọ ọdún 18 sí 35 sógun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún náà, létí odò Nueces ní Texas, àwọn ọmọ ogun Gúúsù ká àwọn ará Jámánì tó ń gbé ní Texas, tí kò fara mọ́ Gúúsù, mọ́ ibi tí wọ́n sùn sí bí wọ́n ṣe ń sá lọ sí Mẹ́síkò. Ìjà parí tán, wọ́n tún pa àwọn tó gbọgbẹ́. Ọdún 1865 ni àwọn ẹbí tó rí egungun wọn kó wá sin sí ìlú Comfort ní Texas. Ẹni tó bá fi ìsáǹsá pamọ́ mọ ohun tó ń dúró dè é.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ ẹrú ti pín ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi sí méjì láti 1844 àti 1845. Bíbélì kan náà ni tọ̀tún tòsì ń kà. Àwọn ẹrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń da màlúù tí wọ́n sì ń tu ẹṣin lójú, máa ń yọ́ gbàdúrà lóru; wọ́n á dojú ìkòkò dé sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbé ohùn wọn mì. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 ni Ọ̀gágun Granger ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Àríwá tó kéde òmìnira wọn ní Galveston, ìlú èbúté ní Texas. Onílé tó ń ṣàánú àlejò, tó sì ní ẹrú lẹ́yìnkùlé, ẹ bi í léèrè àwọn wọ̀nyí kí ẹ tó pè é ní aláàánú.