Iṣẹ́ Kíláàsì Tí Ó Ń Mú Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Sọ Èdè Ṣáínà

Lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní èdè Ṣáínà nílùú Ìbàdàn, mo ti rí i pé ìyànjú ẹnu lásán kì í pẹ́ lára wọn. Bí ẹ tilẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bí irú èyí tí ó ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, oorun yóò tún gbé wọn nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n da àmì ìkọ̀wé Ṣáínà kan ṣoṣo kọ títí ojú ìwé yóò fi kún. Ohun tí a bá gbé lé wọn lọ́wọ́ láti ṣe ni ó ń jí wọn.

Iṣẹ́ tí mo fara mọ́ ni èyí tí ẹnì kan mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀, tí wọn kò sì lè parí rẹ̀ láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà títà. Ẹ kọ iye tí ọlọ́jà kò gbọdọ̀ tà lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún un, ẹ kọ iye tí ó wà lápò oníbàárà fún òun náà, kí wọ́n má sì fi han ara wọn. Ọmọ tí ó ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Bódìjà ti mọ bí a ṣe ń dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó ti wọ́n jù, ìgbà náà ni kí ẹ wá kọ́ ọ ní tài guì le (ó ti wọ́n jù) àti piányi yìdiǎnr (ẹ dín in kù díẹ̀).

Àṣìpè pẹ̀lú kì í fara pamọ́ níbẹ̀. Ní èdè Ṣáínà, sì ni ẹẹ́rin, shí ni ẹẹ́wàá, àwa ará Ìbàdàn tí a ń pe iṣu ní isu sì mọ ibi tí wàhálà yóò ti wá. Ọlọ́jà tí ó bá fi sì pe shí yóò rí i tí oníbàárà ka yuan (owó Ṣáínà) mẹ́rin lé e lọ́wọ́ dípò mẹ́wàá, yóò sì tún ọ̀rọ̀ náà pè láìjẹ́ pé olùkọ́ dá sí i.

Ní ti kíkọ àmì, àwọn olùkọ́ kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n fóònù ni mo máa ń mú bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n tẹ pinyin, ìyẹn ìró èdè Ṣáínà tí a fi lẹ́tà ABD kọ, kí wọ́n ṣa èyí tí ó tọ́ láàárín àwọn àmì tí ó bá yọjú, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn. HSK pàápàá, ìdánwò tí a fi ń mọ bí àjèjì ṣe gbọ́ èdè Ṣáínà tó, kò ní apá ìkọ̀wé ní ìpele 1 àti 2 nígbà tí ó jẹ́ onípele mẹ́fà.

Bí ẹ bá ń fún wọn ní máàkì, kí èyí tí ó pọ̀ jù wà fún bóyá wọ́n rí ọjà náà tà. Bí kíláàsì bá kún, àwọn tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ọlọ́jà, nítorí oníbàárà lè yí padà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá yà ni ọlọ́jà ní láti dá lóhùn.