Owó Ìrànwọ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Dìde

Tí wọ́n bá ti ní ìjọba fẹ́ gbowó lọ́wọ́ olówó kí wọ́n fi ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, gbogbo ayé á máa pàtẹ́wọ́, àmọ́ ẹ̀rù ló máa ń bà mí, torí kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé òfin wo ni wọ́n so mọ́ owó yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú SSI ti Amẹ́ríkà, owó oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún àgbàlagbà, afọ́jú àti aláàbọ̀ ara tí ò ní nǹkan lọ́wọ́. 1974 ló bẹ̀rẹ̀. Tó o bá máa gbà á, owó tó wà ní báńkì ẹ pẹ̀lú nǹkan míì tó o lè tà ò gbọ́dọ̀ ju 2,000 dọ́là lọ. Lóòótọ́ wọn kì í ka ilé tó ò ń gbé àti mọ́tò kan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n láti 1989 ni iye yẹn ti wà bẹ́ẹ̀ o, wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé e, pẹ̀lú bí gbogbo nǹkan ṣe gbówó lórí látìgbà yẹn.

Ẹ wá wò ó, aláàbọ̀ ara kan ń ṣọ́wó ná, ó ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ kó lè fi kọ́ṣẹ́ tàbí kó fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan, tówó yẹn bá fi lè lé 2,000 báyìí wọ́n á dá owó ìrànwọ́ ẹ̀ dúró, wọ́n tún lè ní kó dá èyí tó ti gbà padà. Tó bá wá fẹ́ ẹni tóun náà ń gba SSI, 3,000 ni wọ́n fàyè gbà fún àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ká ní wọn ò fẹ́ra ni, 4,000 ni ì bá jẹ́. Ṣé nítorí pé èèyàn ṣègbéyàwó ló ṣe yẹ ká fìyà jẹ ẹ́? Tó bá ríṣẹ́ ṣe ńkọ́? Lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbójú fò, dọ́là méjì tó bá pa, wọ́n á yọ dọ́là kan nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀. Ìdajì nìyẹn o! Olówó tó ń gba mílíọ̀nù lówó oṣù níbẹ̀, owó orí tó ga jù tí ìjọba àpapọ̀ lè gbà lórí ẹ̀, 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó dà bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́gi tó wá ń já ewé fún un, inú ẹ̀ sì ń dùn pé òun ń ṣàánú.

Àwọn tó fara mọ́ irú ètò yìí á ní ká wo Sweden, níbi tí ìjọba ti ń ran aráàlú lọ́wọ́ gan-an. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Sweden fagi lé owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ogún téèyàn jẹ ní 2004, wọ́n fagi lé èyí tí wọ́n ń gbà lórí dúkìá àwọn olówó ní 2007, owó orí ọjà tí gbogbo èèyàn ń san, tolówó tòṣìṣẹ́, sì jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Àpò àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń ṣèrànwọ́ ti ń jáde, kì í ṣe àpò àwọn olówó ńlá táwọn olóṣèlú máa ń tọ́ka sí.

Iran náà gbìyànjú tiẹ̀ ní 2010, wọ́n dín owó ìrànwọ́ orí epo kù, wọ́n wá ń pín 455,000 ríàlì fún ẹni kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Iye yẹn dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì jẹ ẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mi ò ní ká pa aláìní tì o. Ẹni tí ara ẹ̀ ò gbé iṣẹ́, ó yẹ ká gbọ́ bùkátà ẹ̀, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń ṣètò yìí ò fọkàn tán aláìní rárá, àfi kó máa fi hàn wọ́n lóṣooṣù pé òun ṣì tálákà tó.

Ní 2023, àwọn aṣòfin kan láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ní Amẹ́ríkà tún gbé àbá wá pé kí wọ́n sún 2,000 dọ́là ti SSI yẹn sí 10,000, kí ti tọkọtaya jẹ́ 20,000. Àbá náà ò di òfin. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń tọrọ ò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí aláàbọ̀ ara tọ́jú owó tóun fúnra ẹ̀ ṣẹ́ kù.